Ẹsẹ̀ Méje Níwájú Iná

Nígbà tí ọmọ wa ọkùnrin kọ̀wé sí wa láti Lọ́ńdọ̀n pé ọmọ Híńdù ni òun fẹ́ fi ṣe aya, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun wa ní ilé wa ní Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn: a dìde, a lọ.

Aṣọ pupa ni ìyàwó wọ̀, a sì fi làálì ṣe ọnà sí i lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ lé ọmọ wa lọ́wọ́. Wọ́n so aṣọ àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ méje níwájú iná, ẹ̀jẹ́ kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfin Ìgbéyàwó Híńdù ti ilẹ̀ India, ọdún 1955, wí pé níbi tí a bá ti ń ṣe àṣà yìí, ẹsẹ̀ keje ni í mú ìgbéyàwó fìdí múlẹ̀. Àwa kò tẹrí ba fún iná náà. A kò sì fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Lọ́dọ̀ wa, ọkọ ni í san owó orí; ní India, ilé ìyàwó ni ẹrù náà ń wọ̀ lọ́rùn. Òfin ọdún 1961 kà á léèwọ̀, síbẹ̀ kò tíì tán.

Nígbà tí ó ṣe, ìyá ìyàwó fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní òun pẹ̀lú kò lè jẹun nígbà tí ọmọ òun dárúkọ ọmọ Áfíríkà. A wo ara wa lójú, a sì bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni a di àna.

Ẹ̀yin òbí, kí a tó kọ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rí ojú ìyá rẹ̀.