Ọdún Kan Nínú Igbó Fágúnwà

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Fún odidi ọdún kan ni a fi ń kọ ojú ewé kan lọ́sẹ̀ lórí àwọn ìwé ìtàn D. O. Fágúnwà, tí a sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ní ilé-kéwú wa, kí àwọn ọmọ lè kà á lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé. Ọdún náà ti pé. Ẹni tó bá rìnrìn-àjò tó dé, ó yẹ kí ó ròyìn ọ̀nà fún ará ilé.

Kí ló sún wa dé ìdí iṣẹ́ yìí? Àwọn ọmọ wa ń ka Lárúbáwá já gaara, wọ́n sì ń ka Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mu omi. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìwé Yorùbá lé wọn lọ́wọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń ṣẹ́ ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ọmọ tó mọ ibi tí wọ́n ti ń fa ohùn nínú Kùránì, tó mọ ibi tí wọ́n ti ń dánu dúró, kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lójú ìwé. Ọ̀rọ̀ náà ká wa lára púpọ̀.

Òkè-Igbó ni wọ́n bí Fágúnwà sí ní 1903. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ṣe olùkọ́ fún ọdún púpọ̀. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, jáde ní 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì ní 1961. Ní oṣù Kejìlá 1963, odò gbé e lọ nítòsí Bídà. Ní 1968 ni Wọlé Ṣóyínká gbé ìtumọ̀ Ògbójú Ọdẹ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwa fúnra wa kọ́kọ́ kà á nílé-ìwé, ẹ̀rù àwọn iwin inú rẹ̀ nìkan ni ó bà wá. Nísinsìnyí tí ewú ti bo orí wa, ohun mìíràn ni a rí níbẹ̀.

Ojú kéwú ni a fi rí èyí àkọ́kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ, bàbá arúgbó kan wá bá òǹkọ̀wé nílé, ó ní kí ó mú kálàmù àti tákàdá, kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀, nítorí òun kò fẹ́ kí ìtàn náà bá òun wọ sàréè. Bàbá yìí ni Àkàrà-oògùn. Láti ìgbà náà lọ, òun ní ń sọ, òǹkọ̀wé ní ń kọ. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò fi gbọ́, wọ́n ń wá jókòó tì wọ́n, títí èrò fi di rẹpẹtẹ. Èyí mú wa rántí Màkámá ti Al-Hariri, ará Básírà tó kú ní 1122. Àádọ́ta ni màkámá rẹ̀. Al-Harith ọmọ Hammam ní ń ròyìn, Abu Zayd ará Saruj sì ni ẹni tí à ń ròyìn rẹ̀. A kò sọ pé Fágúnwà ka Al-Hariri o. Ohun tí a ń wí ni pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìtàn a máa níyì nígbà tí a bá mọ ẹni tí a ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Àwa tí a kọ́ kéwú mọ ìbéèrè náà dáadáa: ta ni o gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?

Ibi kan wà tí wọ́n ti yàtọ̀. Màkámá le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀mọ̀wé fi ń túmọ̀ rẹ̀ fún òpè. Ti Fágúnwà, ìyá àgbà tí kò mọ̀wé ní ń túmọ̀ rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ojú wa ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan láàrin àwọn ọmọ wa mú ìwé náà lọ sílé, ó ń kà á sí ìyá bàbá rẹ̀ létí. Ó bi í pé, "Màmá àgbà, irú igbó wo ni Igbó Irúnmọlẹ̀?" Ìyá náà dá a lóhùn pé, "Ẹgàn ni, ọmọ mi. Ibi tí àdá kò tí ì kàn rí là ń pè ní ẹgàn. Ibi tí ẹ ti ń gé igi ìdáná yẹn, igbó lásán ni. Ibi tó jẹ́ koríko lọ súà, ọ̀dàn ni." Nígbà tí ọmọ náà wá sọ ọ́ ní kíláàsì, ọmọ méjìlélógún ló wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kan tó ti gbọ́ ẹgàn rí. Láti ọjọ́ náà ni a ti ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ ka ojú ewé wa gbọ́dọ̀ kà á sókè sí àgbàlagbà kan létí nílé, kí ó sì mú ọ̀rọ̀ kan bọ̀.

Nínú gbogbo ohun tí a kọ, ojú ewé Kàkó ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Ọba rán Àkàrà-oògùn àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sí Òkè Láńgbòdó. Ó lọ pe Kàkó, ó bá a lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ìyàwó di mọ́ ọkọ, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má lọ. Kàkó sì pa á, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọkùnrin ní iṣẹ́ ọba kò ṣeé kọ̀. Àwọn ọmọbìnrin ní akọni wo ni ti ẹni tó ń pa aláìní-ohun-ìjà? Ariwo ń lọ lọ́wọ́ ni ọmọdékùnrin kan béèrè pé, "Ta ló lọ sọ fún ìyá ìyàwó?" Gbogbo kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. A kọ ìbéèrè náà gàdàgbà sórí pátákó ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a kò sì fi ìdáhùn sí i. Ìwé tó bá lè mú ọmọdé béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ìwé ni.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà. Bàbá kan wá bá wa, ó ní, "Àáfà, ẹ má bínú o. Mo fi ọmọ mi sọ́dọ̀ yín kí ó kọ́ kéwú, ẹ wá ń sọ ìtàn iwin àti ẹbọra fún un. Ẹni tó kọ ọ́ gan-an, onígbàgbọ́ ni, ìwàásù ẹ̀sìn tirẹ̀ ló kún inú ìwé náà." Òótọ́ ni ó sọ. Fágúnwà kò fi ẹ̀sìn rẹ̀ pamọ́, ibi tí ó bá sì ti ń wàásù rẹ̀, a máa ń sọ fún àwọn ọmọ. Ní ti iwin, àwọn ọmọ wa mọ̀ pé ìtàn ni. Bàbá náà kò gbà. Ó ní kí ọmọ òun máa bọ̀ wálé bí kéwú bá ti parí, a sì bọ̀wọ̀ fún un, nítorí òun ló bí ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jọ rò ó wò. Báwo ni a ṣe ń kọ́ kéwú? A ó ka gbólóhùn Lárúbáwá, a ó sì fi Yorùbá túmọ̀ rẹ̀. Bí Yorùbá inú ọmọ bá gbẹ, kí ni a óò fi túmọ̀ fún un? Àwọn bàbá wa gba àdúrà, wákàtí àti àlàáfíà láti inú Lárúbáwá, wọ́n sọ wọ́n di Yorùbá pọ́nńbélé, tí onígbàgbọ́ àti ìmàle jọ ń sọ wọ́n. Èdè tó gbòòrò ló gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ láàyè. Èyí tó ti tán lẹ́nu ọmọ kò lè gba àlejò kankan. Àǹfààní tí a rí nínú ọdún yìí nìyẹn: ọmọ tó bá Fágúnwà rìn, ìtumọ̀ kéwú rẹ̀ jinlẹ̀ sí i. Àwa tí à ń kọ́ wọn ló ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú òǹkọ̀wé kan ṣoṣo, kí ẹ bá a gbé fún ọdún kan. Ẹ má sáré. Ẹ kà á sókè, ẹ kà á sí àgbà létí, kí ẹ sì bi àgbà náà ní ìbéèrè kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá gbé ìwé Yorùbá wá, ẹ má sọ pé ẹ kò ráyè. Ní ọdún tó ń bọ̀, àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò máa kọ ojú ewé náà. Àwa yóò kàn máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ni.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnu wa gbàgbé ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wa fi rẹ̀ wá lẹ́kún. Àmín.