Igbá Bàbá Mi ní Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọnà

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ pàtẹ igbá fínfín ní gbangba ní ìlú Kàdúná yìí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fò ó.

Akọ̀wé rélùwéè ni ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ mí sí. Ẹ kò mọ̀ mí sí afíngbá. Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbé bí mi, igbá ni bàbá mi sì ń fín tà. Kí n tó lè di ọ̀bẹ mú dáadáa ni mo ti mọ bí a ṣe ń rẹ igbá kí inú rẹ̀ lè rà, bí a ṣe ń là á sí méjì, bí a ṣe ń ha á nínú àti lẹ́yìn, àti bí a ṣe ń sá a títí yóò fi gbẹ. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, bàbá mi fi ọ̀bẹ kékeré lé mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí iṣẹ́ ìjọba, mo ti ọ̀bẹ náà sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ọdún 2022 ni mo tún yọ ọ́. Àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún náà, ọkọ̀ náà kò sì tún rìn títí di oṣù kejìlá. Ọkàn mi kò balẹ̀, n kò sì rí oorun sùn. Ìyàwó mi ní kí n wá nǹkan fi ọwọ́ ṣe, kí n yé wo òrùlé. Mo ra igbá mẹ́ta lọ́wọ́ Haúsá kan, mo bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo jẹun tán, igbá ló kù.

Ní ọdún tí ó kọjá, a gbọ́ pé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà yóò wà ní pápá kan fún ọjọ́ méjì. Nígbà náà, ọmọbìnrin wa àgbà fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC. Owó ìdánwò àti gbèsè owó ilé ẹ̀kọ́ tí a jẹ jẹ́ ₦85,000, wọn kò sì fún wa ju ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e lọ. Mo san ₦5,000 fún àyè, mo kó igbá 22 lọ. Mo tún gbé igbá ńlá ọlọ́mọrí tí bàbá mi fín sí àárín tábìlì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tà á. Mo fẹ́ kí ó máa pe èrò ni.

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo jókòó sẹ́yìn tábìlì, mo doríkodò bí ẹni tí ó jẹ gbèsè. Ọmọ ilé wa kan bèèrè iye tí igbá kékeré kan jẹ́. Mo ní, “₦4,000 ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré náà ni, ẹ wo ohun tí ẹ máa san.” Ó ní ọmọ ilé kan náà ni wá, ó san ₦1,500. Iṣẹ́ alẹ́ mẹ́ta ni igbá yẹn!

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ dé, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Olówó orí mi, bí onígbá bá ti pe igbá rẹ̀ ni a ó bá a pè é. Ẹ yọ ọ̀bẹ, kí wọ́n rí ohun tí ẹ ń ṣe.”

Mo mú igbá tí n kò tíì fín parí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fín in ní ojú gbogbo ènìyàn. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Hajiya kan wá, ó mú igbá kan, ó fi ìka kàn án, ó gbọ́ bí ó ṣe dún. Ó ní kwarya kún yàrá ìyá òun nígbà tí òun wà ní kékeré. Kò bèèrè owó. Ọjọ́ mélòó ni mo fi ṣe é ni ó kọ́kọ́ bèèrè. Mo sọ fún un. Ó ra méjì ní ₦7,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ná mi. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo ti ta mẹ́sàn-án, owó tí ó wọlé sì jẹ́ ₦40,500.

Bí a ti ń palẹ̀ mọ́ ni ọkùnrin kan dúró síwájú igbá bàbá mi. Ó ní òun yóò san ₦60,000. Mo ní kì í ṣe títà. Ó ní kí n rò ó, òun yóò padà wá ní àárọ̀.

Mo pe Màámi ní Ọ̀yọ́ lórí fóònù. Mo rò pé wọn yóò bá mi wí ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Àkànní, ta ni ó sọ fún ọ pé ìwọ ni bàbá rẹ fín in fún? Ìyá ìyàwó kan ni ó bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́, tí kò rí owó san. Títí bàbá rẹ fi kú ni ó ń dùn ún pé kò rí igbá yẹn tà. Tà á. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ ọ́n fín, àbí o kàn ń wò ó ni?”

N kò lè dáhùn. Láti ọdún yìí wá, orí kọ́bọ́ọ̀dù ni igbá náà ń gbé. N kò dán ọnà ara rẹ̀ wò rí, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé tèmi kò ní dára tó o.

A kò sùn ní òru ọjọ́ náà. Iná kò sí. Ọmọbìnrin wa tan iná fóònù, ó ń ya ọnà ara igbá náà sínú ìwé, èmi sì ń fín in sára igbá tuntun. Níbi ẹsẹ̀ alángbá, ọ̀bẹ yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà ní, “Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n wò ó.” Ó gba ọ̀bẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. N kò kọ́ ọ rí. Bí mo ṣe ń ṣe é ní alaalẹ́ ni ó ń wò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kò tíì fín ìdámẹ́ta rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọnà náà ti wà nínú ìwé.

Ọkùnrin náà dé. Mo dìde dúró, mo ní, “₦75,000 ni.” Mo sọ ìlú tí igbá náà ti wá fún un, àti bí ọmọrí ṣe ń bá ìdí mu. A parí rẹ̀ sí ₦70,000. Mo kọ orúkọ bàbá mi sínú ìwé pélébé kan, mo fi í sínú igbá, mo dé e. Ọ̀fun mi há nígbà tí ó gbé e lọ, n kò ní purọ́ fún yín.

Ọmọ wa ti ṣe ìdánwò náà. Igbá tí àwa méjèèjì jọ fín ni ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù báyìí. Ọmọrí rẹ̀ kò tíì bá ìdí mu dáadáa, ṣùgbọ́n à ń ṣe é lọ.

Ẹ̀yin ará ilé mi, mo mọ̀ pé àwọn tí ó mọ àdìrẹ ṣe, tí ó mọ aṣọ òkè hun, tí ó mọ agbọ̀n hun, wà láàárín wa níhìn-ín. Ẹ má pè é ní iṣẹ́ kékeré lójú oníbàárà, ẹ má sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù lásán. Ohun tí a fi ọwọ́ ṣe lè kúrò nílé nígbàkúgbà. Ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni kò yẹ kí ó kúrò. Ọmọ yòówù tí ó bá fẹ́ kọ́ igbá fínfín, kí ó wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí ó mú igbá tirẹ̀ wá. Ọ̀bẹ wà.