Láti Bódìjà sí Houston: Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Ó Lè Fara Da Ìrì Dídì

Ìrìnàjò tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí bẹ̀rẹ̀ ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, níbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ti ń hù lẹ́yìnkùlé láìsí wàhálà, pàápàá níbi tí omi balùwẹ̀ bá ń ṣàn sí, nítorí pé bí ọyẹ́ ti wù kí ó mú tó níbẹ̀, òru kì í sábà tutù kọjá 15°C, ìwọ̀n tí ó sì súnmọ́ ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń dáwọ́ ìdàgbà dúró. Ní oṣù Kejì ọdún, ìyá àgbà tí ó ń lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, fẹ́ di ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì mọ́ ẹrù, ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà kò fàyè gba kí èrò ọkọ̀ òfurufú kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọlé láìgba ìwé àṣẹ, nítorí àrùn àti kòkòrò tí ó lè wà lára rẹ̀; gààrí àti èlùbọ́ ni ó kù nínú àpò náà.

Ooru Houston kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Ìbàdàn ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, àmọ́ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ìrì dídì máa ń bọ́ ní òru díẹ̀, èyí tí í ṣe ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tí ó ń di yìnyín tẹ́ẹ́rẹ́ lára ewé bí òtútù bá dé 0°C. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo tí ìyá náà bá lẹ́yìnkùlé ọmọ rẹ̀ ti dúdú, ewé rẹ̀ sì rọ wọ̀ǹjọ̀wọ̀njọ̀ bí ewé tí a ti inú omi gbígbóná yọ. Ọmọ fẹ́ hú u dànù; ìyá ní kí ó mú ọ̀bẹ wá. Ó ń gé e láti òkè wá sílẹ̀, omi dúdú ń ro jáde lára ègé àkọ́kọ́ àti ìkejì, títí ọ̀bẹ fi kan ibi funfun tí ó le dáadáa, ní ìwọ̀n orúnkún. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe igi rárá, ìdí ewé tí ó wé mọ́ra ni. Igi rẹ̀ gan-an wà lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí òtútù kì í tètè dé, ìdí nìyí tí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń rọ́pò ìyá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń wí, kódà lẹ́yìn ìrì dídì.

Kí ìdí hù padà kò túmọ̀ sí pé èso yóò wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹ ti ara òbí igbó méjì ṣẹ̀ wá, èyí ni Musa acuminata, tí àwọn onímọ̀ fi lẹ́tà A dúró fún, àti Musa balbisiana, tí í ṣe B, tí ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ ní agbára láti fara da ọ̀dá àti òtútù. AAB, ìyẹn A méjì àti B kan, ni àgbagbà. ABB ni àwọn irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń pè ní Orinoco, Blue Java àti Namwah, wọ́n sì le ju àgbagbà lọ nínú òtútù. Musa basjoo, tí ó pọ̀ nínú ọgbà àwọn ará London, ni ó le jù, ṣùgbọ́n kóró ni ó kún inú èso rẹ̀, kò ṣeé jẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ojú lásán ni. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń lò tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so, ìyá náà gbà pé Orinoco ni ó tọ́, nítorí pé a lè fi aṣọ àtijọ́ wé ìdí ewé rẹ̀ ní òru tí ìrì dídì bá fẹ́ bọ́, a sì lè fi èso rẹ̀ dín dòdò. Aṣọ kò lè gbà á sílẹ̀ nínú òtútù bí irú ti oṣù Kejì ọdún 2021, tí Houston fi tutù dé nǹkan bí -10°C, ṣùgbọ́n irú èyí kì í ṣe ọdọọdún.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ó kọjú sí gúúsù ni wọ́n gbin Orinoco náà sí, nítorí pé ògiri náà ń gba oòrùn lọ́sàn-án, ó sì ń tú ooru rẹ̀ jáde lóru. Àgbagbà tí wọ́n fi dín dòdò lálẹ́ ọjọ́ náà, ilé ìtajà ni wọ́n ti rà á, Guatemala ni wọ́n sì kọ sí ara rẹ̀.