Àtẹ́rígbà

Bírìkìlà ń pè é ní líńtẹ̀lì; àwa tí à ń kọ́ Yorùbá mọ̀ ọ́n sí àtẹ́rígbà. Òun ló ń gbé ògiri tó wà lókè ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tó ń pín ẹrù náà fún ọ̀tún àti òsì. Tí ẹrù bá wúwo, abẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fẹ́ ya, ìdí nìyẹn tí irin fi ń wà nísàlẹ̀ kọnkéré. Tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ tán, ta ló tún ń rí irin?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ilé bàbá mi ti dé líńtẹ̀lì. Kò kúrò níbẹ̀ látìgbà tí mo ti wọ yunifásítì. Owó páànù ló di owó ilé-ìwé mi. Bàbá ò sì sọ ọ́ rí.