Louis Blériot: Baálé Ilé Tí Ó Fẹ́ràn Òfurufú

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Louis Blériot, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní ìlú Cambrai ní ọdún 1872, kò wo ẹnu àáké rárá. Iná ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó ń ṣe tà tí ó fi lówó, ṣùgbọ́n òfurufú ni ó ná owó náà lé lórí. Ọkọ̀ ń já, ara ń bó, àpò ń gbẹ. Bẹ́ẹ̀ aya àti ọmọ ń bẹ nílé.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Keje, ọdún 1909, igi ni ó fi ń tilẹ̀ nítorí pé iná ti jó o lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀ ó gbéra nítòsí Calais ní kùtùkùtù. Alice aya rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi tí ó ń tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi pòórá mọ́ ọn lójú. Ta ni ó lè wọn ohun tí ó wà lọ́kàn obìnrin náà? Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 37, Blériot balẹ̀ sí Dover, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ọkọ̀ òfurufú la omi náà kọjá sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ọkọ̀ rẹ̀ já ní Constantinople, egungun ìhà rẹ̀ sì ṣẹ́. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko: ó jáwọ́ nínú ìdíje, ó gbájú mọ́ ṣíṣe ọkọ̀ fún ẹlòmíràn. Ọmọ mẹ́fà ni Alice bí fún un. Ní ọdún 1936, àrùn ọkàn ni ó pa á ní Paris. Afẹ́fẹ́ kò gbé e sọnù. Aya rẹ̀ rí òkú rẹ̀ sin.