Bọ̀ọ̀dá Wa àti Ike Oògùn Tó Ti Lọ́ńdọ̀nù Dé

Ọ̀rọ̀ ilé ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Bọ̀ọ̀dá wa ti yọ̀ǹda pé kí a sọ ọ́, wọ́n ní kí a ṣáà má dárúkọ àwọn.

Onígbòǹgbò ni ilé wa wà, lẹ́bàá Maryland, níbi tí ariwo ọkọ̀ kì í ti í dá tọ̀sán tòru. Àwa mẹ́ta ni àbúrò tó tẹ̀lé Bọ̀ọ̀dá. Ọdún 11 ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Ọba Àkran, ní Ìkẹjà. Bí a bá kírun àìṣáì tán, wọ́n á jáde. Bí oòrùn bá ń yọ, wọ́n á wọlé, wọ́n á ta aṣọ bo fèrèsé, wọ́n á sùn. Búrẹ́dì àti mínírà ni oúnjẹ òru wọn. Ẹni tó bá mọ Ìkẹjà àti Agége á mọ̀ pé irú wọn pọ̀ bí eṣú.

Nígbà tó yá, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn. Oorun kò kun ojú wọn mọ́, síbẹ̀ wọn kò fẹ́ dìde lórí ibùsùn. Ikùn yọ, ẹsẹ̀ rọ. Bọ̀ọ̀dá tó máa ń jí wa fún asúbáà di ẹni tí a ń jí. Ìyá wa ní ọwọ́ ayé ni. Àwa ní tiwa, ọ̀lẹ ni a pè é, ojú sì ń tì wá láti kọ ọ́ síhìn-ín. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ sọ fún wọn pé bí ìgbàgbọ́ wọn bá le, ọkàn wọn kò ní rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé o rò pé mo yàn án ni?"

Nígbẹ̀yìn, a mú wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní àárẹ̀ ọkàn ni, ó kọ oògùn fún wọn. Ó tún wọn ikùn wọn, ó wọn ìfúnpá, ó ní kí wọ́n lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Inú bí wa. Kí ló kan ikùn nínú ọ̀rọ̀ ọkàn?

Àsìkò yẹn ni àǹtí wa kan fi ike fítámínì D ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní ìjọba ibẹ̀ a máa gba àwọn aláwọ̀ dúdú níyànjú láti máa rò ó wò yí ọdún ká, nítorí oòrùn wọn kò tó nǹkan, àti pé àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì kì í sábà ní i tó nínú ẹ̀jẹ̀. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. A bá ṣírò ọ̀rọ̀ náà: oòrùn ló ń mú kí awọ ara ṣe fítámínì D; èyí tó bá gba ara gíláàsì wọlé kò lè ṣe iṣẹ́ náà; Bọ̀ọ̀dá kì í sì í rí oòrùn. Àṣé ohun tó ń ṣe wọ́n nìyí! Àwa fúnra wa la ní kí wọ́n fi oògùn ọsibítù sílẹ̀, kí wọ́n gbájú mọ́ ti Lọ́ńdọ̀nù. A tilẹ̀ ní kí wọ́n máa lo hóró mẹ́ta dípò ẹyọ kan.

Kò pé oṣù kan. Ní òru ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá wa bá wọn nínú òkùnkùn ní pálọ̀. Wọ́n ní bí ilẹ̀ kò bá tilẹ̀ mọ́ bá àwọn mọ́, ara á tu gbogbo wa. Ìyá wa kò ké. Wọ́n pè wá, a yí Bọ̀ọ̀dá ká títí di asúbáà, bí ilẹ̀ sì ti mọ́ la gba ọsibítù lọ.

Dókítà kò bú wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tọ́ sí wa. Ìṣó ló fi ṣàpèjúwe. Bí ìṣó bá gún ènìyàn lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná: àwọn ọmọ ogun ara ló dé síbẹ̀, bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ wọn tán, wọ́n á tú ká. Nígbà mìíràn, wọn kì í tú ká. Iná kékeré kan á máa jó lábẹ́ eérú káàkiri ara, ojú kò ní rí i, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè fi í hàn. Ọ̀rá inú ikùn a máa kó igi sínú iná náà. Àìsùn náà a máa kó o. Ó wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ara lo ṣúgà bó ti yẹ, tí àtọ̀gbẹ fi ń rí ọ̀nà wọlé. Ó sì lè wúwo lé ọkàn. Dókítà bi wá pé bí ibà bá dá wa dúbúlẹ̀, ṣé oúnjẹ máa ń wù wá, ṣé a máa ń fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀? Àwọn ọmọ ogun ara ló ń pàṣẹ fún ọpọlọ nígbà náà. Ó ní nínú àwọn tí àárẹ̀ ọkàn mú, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni a ń bá irú iná yìí lára wọn. Kì í ṣe gbogbo wọn, ó tẹnu mọ́ èyí.

Fítámínì D ńkọ́? Ó ní ó níṣẹ́ tó ń ṣe fún àwọn ọmọ ogun náà àti fún ọpọlọ. Ṣùgbọ́n èwo ló kọ́kọ́ dé? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kì í jáde sínú oòrùn. Ẹni tó bá sanra, ọ̀rá a máa gbé fítámínì náà pamọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àìsàn ló fa àìtó rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Olivia Okereke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun tó lé ní ọdún 5 tẹ̀lé ènìyàn 18,353 tí wọ́n ti tó ẹni 50 ọdún sókè. Wọ́n ń fún àwọn kan ní fítámínì D lójoojúmọ́, wọ́n ń fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Ọdún 2020 ni èsì jáde: fítámínì náà kò dín àárẹ̀ ọkàn kù. Ìwádìí kéékèèké lára àwọn tí àìsàn náà ti mú kò sì fẹnu kò. Àlòjù rẹ̀ pàápàá léwu, nítorí ó lè mú kálísíọ́mù pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ ò rí hóró mẹ́ta wa!

Nígbà tí a ròyìn fún àlùfáà wa, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Abu Zayd al-Balkhi, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí tó kú ní ọdún 934, ti kọ ìwé lórí ìlera ara àti ti ọkàn pọ̀. Ó ní ìbànújẹ́ kan wà tí ènìyàn mọ ìdí rẹ̀, òmíràn wà tí a kò rí ìdí tọ́ka sí, inú ara sì ni irú èyí ti ń wá. Láti ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé! Ẹni tó sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ lọ́jọ́sí nínú wa dorí kodò.

Bọ̀ọ̀dá padà sórí oògùn wọn. Ṣúgà wọn ti ń gòkè nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kò tíì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi bọ́ sí iṣẹ́ ọ̀sán; owó àfikún tí iṣẹ́ alẹ́ ń mú wá bọ́ lọ, ìyẹn kò sì rọrùn nílé tí owó ilé ìwé wà nílẹ̀. Ẹ̀wà àti ẹja gba ipò búrẹ́dì àti mínírà. Ike Lọ́ńdọ̀nù ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Àyẹ̀wò fi hàn pé tiwọn kéré lóòótọ́, dókítà sì ní kí wọ́n máa lo ẹyọ kan lóòjọ́, kí wọ́n má fi rọ́pò ohunkóhun.

Lẹ́yìn asúbáà, wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn dé Maryland, àwa mẹ́ta ti pín ọjọ́ láti máa bá wọn lọ. Àárọ̀ kan wà tí wọn kì í lè dìde. A kì í pè é ní ọ̀lẹ mọ́. A ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, a ó dúró dè wọ́n. Lọ́jọ́ Àlàádì tó kọjá, àwọn ni wọ́n wá kan ilẹ̀kùn wa.

"Ẹ ṣì ń sùn?"