Ta Ni Yóò Yan Ilé-Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Tálákà?



Bí ọdún ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ń súnmọ́ tòsí, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́ nínú gbogbo agboolé ní Kamina yìí: ilé-ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ yóò lọ? Olówó a yàn, tálákà a gba èyí tí ó bá rí. Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní katikísìmù mọ̀ ọ́n dájú. Lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ni a ti ń rí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ̀n, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, àti ọmọ tí ó jẹ́ pé oko ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. A ti rí ọmọ tí ó mọ àdúrà sórí ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, síbẹ̀ tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀.

Ìlú wa kì í ṣe ìlú tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Láti 1911 títí di 1914 ni àwọn ará Jámánì kọ́ ilé-iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì síhìn-ín, tí wọ́n fi ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì bà á jẹ́ ní oṣù August 1914, kí ọ̀tá má bàa gbà á. Àwókù rẹ̀ ṣì wà. Ṣùgbọ́n kí ni èrè ilẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ti dé Jámánì rí, bí ọmọ ibẹ̀ kò bá lè ka lẹ́tà tí a kọ sí bàbá rẹ̀?

A dúpẹ́ pé ọ̀nà ti ṣí díẹ̀. Ní 2008 ni ìjọba Togo mú owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba; ní 2021, ó mú un kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti lísè ti ìjọba pẹ̀lú. Síbẹ̀, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, ìwé àti kálámù wà lọ́rùn òbí. Ìrọ̀rùn náà kò sì wọ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì: òbí tí ó bá mú ọmọ lọ síbẹ̀ ni yóò sanwó. Ní àwọn abúlé kan, àwọn òbí fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní EDIL, àwọn náà ni wọ́n sì ń wá owó olùkọ́.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní 1990, ní ìlú Milwaukee, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí san owó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni fún ọmọ àwọn tálákà. Òbí ni ó ń yan ilé-ẹ̀kọ́, owó ìjọba a sì tẹ̀lé ọmọ. Ní 1998, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Wisconsin gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ pẹ̀lú lè gba owó yìí. Ní 2002, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ irú rẹ̀ nípa ìlú Cleveland. Àwọn kan yọ̀. Àwọn mìíràn ní owó tí ó bá ọmọ kan lọ ń dín ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí ó kù kù. Ó yẹ kí a gbọ́ ti ìhà méjèèjì.

Kí ni Ìjọ Mímọ́ wí? Ní 1965, Àpérò Vatican Kejì kọ́ wa pé òbí ni olùkọ́ àkọ́kọ́ ọmọ, àti pé kí ìjọba pín owó ìlú lọ́nà tí òbí yóò fi lè yan ilé-ẹ̀kọ́ ní òmìnira tòótọ́. Ìwé kan náà sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì máa tọ́jú àwọn tálákà àti àwọn ọmọ tí kò ní alábàárò nínú ẹbí. Nítorí náà, a kò lè béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba, kí a tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹni tí kò ní.

Ní tiwa, èrò wa ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ṣáájú yíyàn. Ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo wà nítòsí rẹ̀, kí ni yóò yàn? Kí ìjọba kọ́kọ́ fún abúlé ní olùkọ́. Lẹ́yìn náà kí ó ran òbí tálákà lọ́wọ́, ibi yòówù kí ọmọ rẹ̀ ti máa kẹ́kọ̀ọ́.

Kí ìyẹn tó dé, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwa náà. Kí ìdílé tí ọmọ rẹ̀ ti gòkè fi ìwé àtijọ́ fún ọmọ aládùúgbò. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan nínú páríìṣì wa gba ọmọ kan, kí wọ́n ra aṣọ àti ìwé rẹ̀. Kí a má yọ ọmọbìnrin kúrò ní kíláàsì nítorí ọjà kíkiri. Kí a sì tètè gba ìwé ìbí ọmọ, nítorí láìsí i, ìdánwò CEPD yóò di wàhálà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Olúwa wa tí ó ní kí a jẹ́ kí àwọn ọmọdé wá sọ́dọ̀ òun kò béèrè ẹni tí ó lè sanwó nínú wọn. Kí Màríà Wúndíá Mímọ́ bá wa bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo ọmọ Kamina.